Ẹsẹ̀ Mi Ni N Ó Fi Wádìí Rẹ̀

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n Ọmọ́bọ́lá, ọmọ Alàgbà Mákánjúọlá, fi tirẹ̀ lé e. Ó ní àfojúbà pàápàá kò tó àfẹsẹ̀tẹ̀. Àárín òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, Missouri City létí Houston ló dàgbà sí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú àtẹ. Ohun tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́nu ni ìtàn yìí dá lé. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti gbọ́ ọ dópin.

Oṣù kẹjọ ọdún 1984 ni. Oòrùn Houston ń yọ òróró lára èèyàn. Ọmọ́bọ́lá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Greenspoint, ó ń wakọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ létí freeway, òpópónà ńlá ìlú náà, ó wá rí ọkùnrin dúdú kan tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bàtà rẹ̀ wúwo bíi ti ṣọ́jà, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ẹnu súfèé orin ìsìn Yorùbá kan tí gbogbo Aládùúrà mọ̀. Ẹni tó bá mọ Houston mọ̀ pé nǹkan abàmì nìyẹn. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà níbẹ̀, bí mọ́tò rẹ̀ kò bá kú, á jẹ́ pé orí rẹ̀ ló dàrú.

Ó dúró, ó yọjú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?"

"Rárá o. Mọ́tò mi wà nílé. Mo kàn ń rìn ni."

"Ẹ ń rìn lọ síbo?"

"Mò ń rìn lọ, mò ń rìn bọ̀."

"Nínú oòrùn yìí? Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ni." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta tó dúró lónìí. Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dúró."

Ọmọ́bọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó tó oṣù mẹ́fà tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Láti oṣù kejì tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, ẹ̀rín ti di àlejò nílé Alàgbà.

"Ẹ wọlé, kí n gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ."

"Kò síbi tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n màá wọlé nítorí atẹ́gùn tútù inú mọ́tò yín."

Dàpọ̀ Adélékè ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa ya àwòrán ilẹ̀ fún iléeṣẹ́ epo kan.

"Ọmọ Ìdànrè!" ni Ọmọ́bọ́lá wí. "Abájọ. Òkè lẹ̀ ń wá kiri Houston."

"Mo ti wá a títí. Èyí tó ga jù tí mo rí ni afárá freeway."

Ó wá ń sọ fún un bí òun ṣe kàwé fún ọdún mẹ́rin ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ti di Sátidé, á wọ reluwé lọ sí ìlú ọjà kan tí wọ́n ń pè ní Settle, ìlú tí ọjà rẹ̀ ti ń ná kí baba baba wọn tó bí baba wọn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti fẹsẹ̀ gun òkè, ògiri òkúta lọ́tùn-ún, ògiri òkúta lósì, àgùntàn láàárín. "Wọn kò fi amọ̀ mọ ògiri náà, wọn kò fi sìmẹ́ǹtì sí i. Òkúta kan ló dáhùn fún èkejì, kò sì wó. Bí ẹ bá gùn ún títí, ẹ ó gbọ́ omi kí ẹ tó rí i."

"Omi wo?"

"Omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta." Níbi tó dé nìyẹn, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní, "Kí ni oríkì yín?"

"Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹni náà ti lọ."

Kò bi í mọ́. Ìyẹn gan-an ló wọ Ọmọ́bọ́lá lára. Houston kún fún ọkùnrin tó máa ní "sorry" tó máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ mọ́tò tuntun. Èyí bá a dákẹ́ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà.

*

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi bá ara wọn rìn, rírìn gidi. Àwọn yòókù ń mú àfẹ́sọ́nà wọn lọ sí mall, Dàpọ̀ ń mú tirẹ̀ rìn létí bayou, àwọn odò ẹlẹ́rẹ̀ inú Houston. Gìgísẹ̀ Ọmọ́bọ́lá kọ́kọ́ bó, ó ní òun kò ṣe mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó lọ ra bàtà bíi ti Dàpọ̀. Láàárín àwọn efọn àti òórùn ẹrẹ̀, Dàpọ̀ á máa fi ẹnu kọ́ òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀, ó ní ọ̀kan wà tó ba bíi kìnnìún tó fẹ́ fò mọ́ ẹran, Pen-y-ghent lorúkọ rẹ̀. Ó ní Houston dára, ṣùgbọ́n kò síbi tí èèyàn lè dúró sí kí ó wo ibi tó ti ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí Ọmọ́bọ́lá pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹlòmíràn ìbá gbé góòlù wá. Dàpọ̀ gbé bébà wá. Àwòrán ilẹ̀ ni, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á, láti ojú ọjà Settle dé orí òkè, ó sì fi Yorùbá sọ gbogbo ibẹ̀ lórúkọ. Àtẹ̀gùn Ìyá Àgbà. Ibi tí Àgbò ti Lé Mi. Òkúta Ìsinmi. Níparí ọ̀nà, ó fi yíǹkì búlúù ya omi, ó kọ "Ibẹ̀" sí i.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Omi ni."

"Mo rí i pé omi ni. Kí lò ń lọ ṣe níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé?"

Dàpọ̀ ń wo èékánná ara rẹ̀. "Bọ́lá, bí mo bá fẹnu sọ ọ́, á di ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n á débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀ lọ́kàn Ọmọ́bọ́lá. Ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e bọ̀. Ọkùnrin tó fi nǹkan pamọ́ fún ọ lójú ọ̀nà, kí ni kò ní fi pamọ́ nínú ilé? Ṣùgbọ́n bó bá ti rántí bí ó ṣe bá òun dákẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ á tún rọ̀.

*

Ìyá Tóyìn ni wọ́n fi ṣe alárinà. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní daycare, kò sì sí ilé Yorùbá tí kò lè wọ̀ láìkanlẹ̀kùn. "Ìgbéyàwó mẹ́jọ ni mo ti so ní Houston yìí," ó sọ fún Dàpọ̀. "Ọ̀kan ṣoṣo ló tú. Ìyẹn náà, ẹ̀bi Dallas ni."

Ó lọ bá Alàgbà, ó kúnlẹ̀, ó ní òun rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà wọn.

"Ọgbà tó bá ní òdòdó á ní ajá tó ń ṣọ́ ọ," ni Alàgbà dá a lóhùn. "Èmi ni ajá náà, Ìyá Tóyìn. A ó wádìí."

Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé, a kì í fi ọmọ fún ẹni tí a kò mọ orísun rẹ̀. Alàgbà kì í sì í ṣe òǹrorò. Oníṣègùn òyìnbó tó ń po oògùn ni, àgbà Aládùúrà ni. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìyàwó náà ló ń fi oríkì jí Ọmọ́bọ́lá láti ilé ìdáná láràárọ̀, tí Alàgbà á sì máa gbè é láti yàrá bó ti ń wọṣọ. Nísinsìnyí aago ló ń jí wọn. Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, Alàgbà á wọ sùtánà funfun, á mú ọ̀pá, á wakọ̀ lọ sí Rosenberg létí odò Brazos. Houston kò lórí òkè, Aládùúrà tí kò rórí òkè á wá etídò. Bó bá dé, koríko èèmọ́ á ti kún etí aṣọ rẹ̀, Ọmọ́bọ́lá á sì jókòó máa já a lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè rí.

Alàgbà kọ̀wé sí Ìdànrè. Èsì dé, ó mọ́ tónítóní. Kò sí wèrè, kò sí olè, ìyá ọmọkùnrin náà ló ti kú. Ó tún kọ ọ̀kan sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Olúbùkọ́lá, tó ń gbé ní Leeds. Lẹ́tà ìyẹn ló da omi sí iná. Àǹtí Bùkọ́lá ti lọ bá obìnrin òyìnbó tí Dàpọ̀ gbé ilé rẹ̀. Obìnrin náà ní fún ọdún méjì tí Dàpọ̀ lò kẹ́yìn, ní Sátidé gbogbo, Dàpọ̀ nìkan ni yóò mú ọ̀pá àti aṣọ funfun kan jáde láàárọ̀ kùtù, ibi omi kan tó ń já bọ́ lórí òkè ló ń lọ. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á rin gbingbin, ojú rẹ̀ á pọ́n, ohùn rẹ̀ á ti há, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Alàgbà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ funfun. Omi. Òun nìkan. Ó gbé e lọ bá wòlíì ìjọ wọn, ìyẹn kò tíì ṣe àmín tán tó fi ní májẹ̀mú ni, ọmọ náà ti bá ẹ̀mí omi mulẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Alàgbà dìde níwájú ìjọ, ó ní òun kò fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà.

Síbẹ̀ ó pe Dàpọ̀ wá sílé, kí a má sọ pé òun kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1986 ni. Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde. Ìyá Tóyìn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Níwájú Ọlọ́run tí mò ń sìn," ni Alàgbà wí, "kí lò ń ṣe nídìí omi yẹn?"

"Ẹ dákun, sà. Ìyẹn wà láàárín èmi àti ìyá mi."

"Ìyá rẹ ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òkú lò ń bá pàdé nídìí omi nìyẹn."

Ìyá Tóyìn já Dàpọ̀ léèékánná. "Sọ̀rọ̀, ọmọ yìí! Sọ pé ẹja lò ń pa!"

"Mi ò pa ẹja, mà. Mi ò ní purọ́ fún wọn, mi ò sì ní sunkún níwájú wọn. Ohun tó kù kò ṣeé fẹnu sọ."

Alàgbà dìde. "Ó tó. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ọkọ olómi."

Àwo tó wà lọ́wọ́ Ọmọ́bọ́lá dún lórí tábìlì. Ó bọ́ sí àárín wọn.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló bá yín wádìí?"

"Àǹtí rẹ ni."

"Ṣé wọ́n gun òkè náà?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ gùn ún ṣe?"

"Ṣé wọ́n rí omi náà?"

"Onílé sọ fún wọn pé..."

"Ẹ béèrè nìyẹn, sà. Ẹ kò tíì wádìí. Èmi ni n ó lọ wádìí."

"Hẹ̀n!" Alàgbà rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. "Níbo lo ti rí i kí ọmọbìnrin máa lọ wádìí ọkọ fúnra rẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ta ni yóò gbé mi dé ilé ọkọ, sà? Ṣé ẹsẹ̀ Àǹtí Bùkọ́lá ni? Ẹsẹ̀ mi ni n ó fi wádìí rẹ̀."

"Ọmọ́bọ́lá!"

"Sà. Bí mo bá bá ohun búburú níbẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó padà wá sọ fún yín, n ó sì gbàgbé rẹ̀. Bí n kò bá bá a, n ó padà wá sọ fún yín, n ó sì fẹ́ ẹ."

Ìyá Tóyìn gbé ọwọ́ lérí. Dàpọ̀ gbójú sókè láti orí ilẹ̀, ó wo Ọmọ́bọ́lá bí ẹni rí òkè ní Houston.

*

Ọ̀rọ̀ kò rọrùn. Lọ́dún yẹn ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, iléeṣẹ́ Dàpọ̀ sì lé èèyàn méjì nínú mẹ́ta, òun náà wà níbẹ̀. Ọmọ́bọ́lá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìsìn. "Olómi tẹ́lẹ̀, ó tún ti di aláìníṣẹ́. Kí ló kù tó fẹ́ fẹ́ níbẹ̀?" Ó dúró, ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kù." Lóṣù kẹwàá ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ká àwòrán ilẹ̀ náà sínú Bíbélì, ó wọ bàlúù.

Àǹtí Bùkọ́lá pàdé rẹ̀ ní Leeds pẹ̀lú ìdìmọ́ra àti àwáwí. "Orúnkún mi kò gba òkè o, ọmọ bùrọ̀dá mi. Màá jókòó dè ọ́ nísàlẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà, Àǹtí. Ẹ̀yin náà lẹ máa gùn ún."

Ọjọ́ Túsìdé ni reluwé já wọn sí Settle, ọjọ́ ọjà sì ni. Wọ́n pa àtíbàbà sí gbàgede ìlú, láàárín àwọn ilé òkúta tó ti dúdú fún ọjọ́ orí. Wọ́n ń ta kúkúǹdùkú òyìnbó tó ṣì lérùpẹ̀ lára, ìbọ̀sẹ̀ òwú, àti wàràkàṣì ràgàjì bí ọlọ ata. Àwọn bàbá arúgbó onífìlà pẹlẹbẹ ń wò wọ́n. Àǹtí Bùkọ́lá ná wàràkàṣì títí tí ọlọ́jà fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjà lọjà ń jẹ́ níbi gbogbo." Ọmọ́bọ́lá tú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọjú sókè.

Ìrì ń sẹ̀ wínníwínní. Ohun gbogbo wà níbi tí Dàpọ̀ fi sí. Àtẹ̀gùn Ìyá Àgbà ni òkúta mẹ́rin tó yọ jáde lára ògiri, ibẹ̀ ni Àǹtí Bùkọ́lá há sí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín.

"Bọ́lá! Fà mí! Jésù, ṣé orí ògiri yìí ni màá kú sí?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì, Àǹtí."

"Òsì wo? Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́!"

Níbi tí Àgbò ti Lé Mi, àgbò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọn kò dúró bi í bóyá òun náà ni.

Ọmọ́bọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń lù. Ó ń ka sáàmù lábẹ́ ahọ́n. Bó bá bá igbá níbẹ̀ ńkọ́? Bó bá bá aṣọ pupa lára igi, òkú ẹyẹ lórí òkúta? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé òun máa padà wá sọ ọ́. Ó wá dà bí ẹni pé kí òkè náà má tán.

Ó gbọ́ omi kó tó rí i, gẹ́gẹ́ bí Dàpọ̀ ti wí. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ sáàárín igi, omi náà sì wà níwájú wọn. Ó ń fò láti orí àpáta, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún fò, funfun, pẹ̀lú ariwo tó gba gbogbo ihò náà kan. Ọmọ́bọ́lá wá ibẹ̀ yíká. Ó gbé òkúta, ó wo ẹ̀yìn igi. Kò sí igbá, kò sí àbẹ́là, kò sí aṣọ pupa. Òkúta pẹlẹbẹ kan ló wà létí omi, ibi tí èèyàn lè dúró sí.

Ìgbà náà ni ohùn kan ké láti òkè. "Àdùkẹ́! Àdùkẹ́ o!"

Àǹtí Bùkọ́lá di Ọmọ́bọ́lá mú pinpin. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Omi ń pe èèyàn! Má dáhùn o, Bọ́lá, má dáhùn!"

Ajá kan já jáde láàárín igi, dúdú òun funfun, omi ń kán lára rẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá darandaran. Charles lorúkọ rẹ̀, òun ló ni àwọn àgùntàn orí òkè náà. Ọmọ́bọ́lá kò tilẹ̀ kí i tán tó fi bi í pé níbo ló ti rí orúkọ ajá yẹn.

Bàbá náà wò wọ́n, ó ṣí fìlà. Ó ní ọmọkùnrin dúdú kan máa ń wá síbẹ̀ ní Sátidé, ó ti tó ọdún mélòó kan. Á ká aṣọ funfun kan tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ mọ́rùn, á dúró lórí òkúta yẹn, á kọjú sí omi, á sì máa ké. Kì í ṣe orin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé ó fẹ́ bẹ́ sómi ni, mo sáré wá. Ó ní ìyá òun ló kú. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni wọ́n tó kọ̀wé sí òun, kí òun má bàa já ìwé sílẹ̀. Òun kò bá wọn sunkún níbi òkú, òun kò sì kì í. Bí òun bá sì ké nínú yàrá, onílé á pe ọlọ́pàá. Ó ní omi yìí nìkan ló lè pariwo ju òun lọ." Ó fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Àdùkẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ké. Nígbà tó lọ, ibí yìí wá dákẹ́ jù fún mi. Mo ra ọmọ ajá. Mo fi sọ ọ́, kí n lè máa gbọ́ ọ."

Àǹtí Bùkọ́lá jókòó sórí koríko tútù, kò bìkítà fún kóòtù rẹ̀. "Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn," ó ń wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́." Ó nu imú. Ó wo ajá náà, ajá náà wò ó. "Ṣùgbọ́n Bọ́lá, wọ́n fi oríkì ìyá ọlọ́mọ sọ ajá!"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé Ọmọ́bọ́lá, ẹkún sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó gun orí òkúta pẹlẹbẹ náà. Láti ọjọ́ ìsìnkú kò tíì ké. Ní Missouri City, ògiri àwọn ilé súnmọ́ra jù. Ó la ẹnu rẹ̀ sí omi, ó ké pe ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ oríkì tí ìyá náà fi ń jí i:

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ olókè abìrìlórí,
Ọmọ a-gun-gòkè má wẹ̀yìn..."

Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ibì kan náà ló tún dúró sí. Oríkì náà gùn, ó máa ń gùn láti ìgbà tí wọ́n bá gbé omi tíì kaná títí yóò fi hó, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń kì kì í há a sórí, gbígbádùn ló ń gbádùn rẹ̀. Ẹsẹ oríkì méjì péré ló kù sí i lọ́wọ́. Àwọn tó kù, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ wọ́n láyé báyìí, ẹni tó ń gbè é láti yàrá.

*

Dàpọ̀ ń dúró dè é ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Houston. Ó kàn ń wo bàtà Ọmọ́bọ́lá tí ẹrẹ̀ òkè ṣì gbẹ mọ́.

"Mo débẹ̀," ni Ọmọ́bọ́lá wí.

"Ṣé omi pọ̀?"

"Ó pọ̀. Charles kí ọ. Ó fi ìyá rẹ sọ ajá."

Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi yí padà lójú rẹ̀, níwájú gbogbo èrò. Ọmọ́bọ́lá bá a dákẹ́, bí òun náà ti ṣe fún un lọ́jọ́sí.

"Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi," ó wí, nígbà tó yá. "Wá ẹni tí yóò so wá pọ̀."

Pásítọ̀ kan ní Greenspoint gbà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, aago mẹ́wàá. Àǹtí Bùkọ́lá ti tẹ Alàgbà láago láti Leeds, ó sọ ohun gbogbo, ó sunkún. Alàgbà ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní òun máa wá.

Láàárọ̀ Sátidé náà ó jókòó sí pálọ̀ nínú aṣọ ilé, Bíbélì tó pa dé wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá jáde nínú ìró àti bùbá funfun. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà sórí Bíbélì.

"Mo ní n ó padà wá sọ fún yín, sà."

"Bùkọ́lá ti sọ ọ́."

"Èmi ni mo ṣèlérí." Ó sì sọ ọ́ lórí ìdúró, láti ojú ọjà dé ìdí omi, kò fo ohunkóhun. Alàgbà ń fi ìka tọ ọ̀nà náà lórí bébà.

"Ajá?" ó bi í.

"Ajá tó dára ni, sà."

Ètè Alàgbà mì díẹ̀, ó sì dúró. "Ọmọ́bọ́lá, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi níwájú ìjọ. Ẹyin lọ̀rọ̀."

"Ẹyin tó ti fọ́, sà, a kì í jókòó tì í kó padà di odindi. A máa ń gbálẹ̀ ni."

Fèrè mọ́tò Ìyá Tóyìn dún níta. Ọmọ́bọ́lá kò yíjú.

"Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ ń wọ aṣọ funfun. Ẹ̀ ń mú ọ̀pá. Ẹ̀ ń lọ sétí omi ní Rosenberg, ẹ̀yin nìkan. Bí ẹ bá dé, ojú yín á pọ́n, ohùn yín á ti há. Èmi ni mò ń já èèmọ́ lára aṣọ náà. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, bàbá mi. Mi ò wádìí yín."

Ìka Alàgbà dúró sórí yíǹkì búlúù náà. Kò gbé e kúrò níbẹ̀.

Fèrè náà tún dún.

"Mò ń lọ, sà. Bí ẹ bá wá, n ó lọ. Bí ẹ kò bá wá, n ó lọ. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ padà lọ sọ ohunkóhun fún ìjọ. Oríkì mi nìkan ló kù. Ìyá mi máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbè é láti yàrá. Ẹsẹ méjì péré ni mo mọ̀ níbẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun náà lórí ilẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ kì mí."